Mo ń ṣe gbogbo ẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi (aládìrẹ ni mí, Abẹ́òkúta)

ỌmọKẹ́mta · Ọjọ́ Àìkú, 10:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ó ti ju oṣù kan lọ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò dá sí i rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ kún mi nínú.

Ọmọ ọdún 28 ni mí. Agbo ilé aláró ni wọ́n ti tọ́ mi ní Kẹ́mta. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ló ń ṣe é. Ìyá mi ò ṣe é ní tiwọn, tíṣà ni wọ́n. Èmi náà lọ sí poli, mo ṣe àgùnbánirọ̀, mo wáṣẹ́ wáṣẹ́ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ni mo bá padà sídìí ìkòkò tí mo ti ń sá fún láti kékeré.

Ọdún kẹrin rèé. Báàgì aláṣọ, mò ń ṣe é. Fìlà bọ́kẹ́ẹ̀tì, mò ń ṣe é. Kámpálà (àdìrẹ aláró òyìnbó) fún aṣọ ẹbí, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mèremère fún àwọn ọmọ yunifásítì, àpò ìrọ̀rí. Lóṣù tó kọjá ẹnìkan ní kí n bá òun rẹ kọ́tìnnì. Mo bá a rẹ kọ́tìnnì. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe, ṣe ni mo máa ń dáhùn bí ọmọ ọ̀dọ̀ olóńjẹ: àmàlà wà, ìrẹsì wà, ẹ̀bà wà, ẹ̀wà náà wà.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kó ọjà lọ síbi ìpàtẹ kan l'Ékòó. Ìyá kan mú báàgì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbójú sókè wo gbogbo àtẹ mi, ó ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń tajà níbí?" Mo ní èmi nìkan ni mà. Ó ní, "Háà! Mo rò pé ẹ̀yin mẹ́rin ni." Ìyìn ni lójú tiwọn. Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó pàtẹ sí ìkejì mi ń ta àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà. Iye tó ń ta ọ̀pá márùn-ún ò tó iye tí mo fi ra aṣọ funfun tí mi ò tíì fi kan aró.

Mo ti san ₦35,000 fún kíláàsì ọlọ́jọ́ méjì kan lórí fóònù. Olùkọ́ náà ní kí a kọ "ta ni mí" sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ẹni tó ń ṣe ọṣẹ dúdú lè kọ ohun kan náà, kò sì ní parọ́.

Ìbéèrè mi: ṣé kí n di ẹyọ kan mú ni? Èwo ni kí n dì mú? Àbí kí n tiẹ̀ yí orúkọ òwò mi padà?

Ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya kí a tó pa á láró, ni mo fẹ́ràn jù, ká sọ òtítọ́, àmọ́ ó ń pẹ́, ọjà ẹ̀ ò sì yá. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ ni mo máa ń mú ìyẹ́ adìyẹ, màá máa ya ohun tí mo bá rí lójú títì sórí aṣọ: Màrúwá, sìlíńdà gáàsì, ọmọ tó gbé búrẹ́dì sórí. Ìyẹn kì í ṣe fún títà ṣá, eré ni.

---

Ẹlẹ́nuMímú · 10:51 alẹ́

₦35,000 kí ẹnìkan tó bi ẹ́ pé ta ni ọ́? Wá, èmi á bi ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni ọ́?

---

OlójàÌtòkú · 11:20 alẹ́

Ọmọ mi, káàbọ̀. Ọdún 31 nìyí tí mo ti wà ní ọjà àdìrẹ Ìtòkú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn gba kámpálà lọ́wọ́ ẹ. Kámpálà ni mo fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Àwọn tó ń sọ pé "àdìrẹ gidi, àdìrẹ gidi", tí o bá pè wọ́n kí wọ́n wá ra ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀lú pa, wọ́n á ní ó ti wọ́n jù.

Ti Ṣáínà, mi ò ní purọ́ fún ẹ, ó wà ní ìsọ̀ èmi náà. Oníbàárà ń béèrè. Ṣùgbọ́n mi ò pè é ní àdìrẹ ọwọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

---

Oníṣirò · Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Kí a tó máa wá ẹ̀mí kiri, ẹ jẹ́ ká wo ìwé. ỌmọKẹ́mta, ṣé o ní ìwé tí o ń kọ ọjà sí? Kọ ti oṣù mẹ́ta tó kọjá síbí: mélòó lo tà, èló, èló lo ná sí i, ọjọ́ mélòó ni ẹyọ kan gbà ọ́. Má kọ iye tó wù ẹ́ o. Iye tó wà níwèé.

---

BabaOníjókòó · 7:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Káfíńtà ni mí n'Íbàdàn, mi ò mọ nǹkankan nípa aró, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí ń sọ ti ṣe èmi náà rí.

Ogún ọdún gbáko ni mo fi ń kan àga tí wọ́n bá fi hàn mí nínú fóònù. "Bàbá, irú èyí ni mo fẹ́." Ti Tọ́kì ni o, ti Ítálì ni o, mo máa ń kàn án. Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà kan pé bí mo bá kú lónìí, kò sí àga kan láyé tí ẹnìkan máa nawọ́ sí pé ọkùnrin yẹn ló kan èyí.

Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo kan èyí tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Mókọ́lá." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀? Ó ní òun ò rí ìṣó kankan lábẹ́ ẹ̀, pé níbòmíràn ìṣó máa ń fa òun láṣọ ya. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò gbà kí a fi ìṣó sábẹ́ àga, ó lè lu èèyàn pa nítorí ẹ̀. Lẹ́yìn tí mo gba òmìnira, mi ò rò ó mọ́, ọwọ́ mi kàn ń ṣe é lọ. Ogún ọdún! Ohun tó jẹ́ tèmi wà lábẹ́ àga, èmi ń wá a sórí.

Nítorí náà, má bi ara ẹ. Lọ bi ẹni tó ti ra ọjà ẹ lẹ́ẹ̀mẹta.

Má sì kórìíra iṣẹ́ àwòkọ o. Òun ló ń sanwó ṣọ́ọ̀bù mi di òní.

---

Ẹlẹ́nuMímú · 7:10 àárọ̀

Baba, ẹ wá ṣe kíláàsì ọlọ́jọ́ méjì. "Ohun tó wà lábẹ́ àga." ₦35,000.

---

ẸbunLayé_Ìpolówó · 7:44 àárọ̀

Ṣé ẹ fẹ́ kí òwò yín gbòòrò ní ọjọ́ méje péré? Ẹ kàn sí mi ní

*[Alábòójútó ti gé ọ̀rọ̀ yìí kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ìpolówó ní àyè tirẹ̀.]*

---

TítíLewisham · 1:33 ọ̀sán

London ni mo ń gbé, mo ń pàtẹ ọjà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, àwòrán àdìrẹ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ sórí ìrọ̀rí, sórí káàdì, sórí ife. Ó ń tà o, mi ò ní purọ́.

Ní ọjọ́ kan, ìyá Yorùbá àgbàlagbà kan dúró níwájú àtẹ mi, ó nawọ́ sí ìrọ̀rí kan. "Kí lorúkọ ẹ̀?" Mo ní àdìrẹ ni mà. "Mo mọ̀ pé àdìrẹ ni. Kí lorúkọ ẹ̀?" Mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Wọ́n ní, "Olókun ni wọ́n ń pè é. Mo ní méjì nílé." Wọn ò ra nǹkankan. Wọ́n ń lọ, èmi náà sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ti jáwọ́ nínú títẹ èyí tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Mẹ́ta péré ni mò ń tà báyìí, ìyá kan ní Òṣogbo ló ń ya wọ́n fún mi lórí aṣọ. Owó tó ń wọlé fún mi kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ dín díẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí ní ìbéèrè báyìí, mo lè dá a lóhùn. ỌmọKẹ́mta, ìwọ ní ohun tí èmi ń fi owó wá. Kẹ́mta lo ti bẹ̀rẹ̀!

---

OlójàÌtòkú · 2:05 ọ̀sán

Títí, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìtàn kì í rẹ aṣọ. Àwọn ará òkè òkun lè ra ìtàn. Níbí, èèyàn á tọ́ aṣọ náà wò bóyá ó ń ṣí.

---

ỌmọKẹ́mta · 8:27 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni. Baba, ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sì mú mi dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ìwé mi rèé, oṣù mẹ́ta:

Báàgì, 46, mo ta ẹyọ kan ní ₦5,000, ó ná mi ní ₦3,600 (aró, aṣọ àti owó télọ̀). Fìlà, 30, ₦4,000, ó ná mi ní ₦3,100. Kámpálà aṣọ ẹbí, 24, ọ̀pá márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦14,000, ó ná mi ní ₦11,500. Ẹlẹ́kọ, mẹ́fà péré, ọ̀pá márùn-ún náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦45,000, ó ná mi ní ₦17,000, ẹyọ kan ń gba ọjọ́ mẹ́ta. Kọ́tìnnì yẹn, mi ò kà á, ẹni náà ò tíì san owó tó kù.

---

Oníṣirò · 9:40 alẹ́

Ó dáa. Èrè báàgì ₦64,400. Èrè fìlà ₦27,000. Èrè kámpálà ₦60,000. Èrè ẹlẹ́kọ ₦168,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦319,400.

Ohun tí o ní ọjà ẹ̀ ò yá yẹn ló mú ju ìdajì èrè ẹ wá. Ọjọ́ 18 lo fi ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí a bá ní ọjọ́ mẹ́fà-mẹ́fà lo ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ bí 60 ló kù fún báàgì, fìlà àti kámpálà. Ọjọ́ ẹlẹ́kọ kan mú bí ₦9,300 wá. Ọjọ́ ìyókù mú bí ₦2,500 wá.

O ní ó ń pẹ́. Ohun tó ń pẹ́ yẹn ló ń bọ́ ẹ.

---

OlójàÌtòkú · 9:58 alẹ́

Dúró ná. Ta ló ra mẹ́fà yẹn? Béèrè ìyẹn.

---

ỌmọKẹ́mta · 10:06 alẹ́

Ẹnìkan ṣoṣo ló ra mẹ́ta, mà. Obìnrin kan ní Lẹ́kí. Mẹ́ta tó kù, ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

---

OlójàÌtòkú · 10:09 alẹ́

Ẹ rí i? Oníbàárà mẹ́rin. Bí obìnrin Lẹ́kí yẹn bá kó lọ sí Kánádà lọ́la ńkọ́? Oníṣirò, ìwé rẹ péye, ṣùgbọ́n ìwé kì í mọ̀ pé ìyá onílé ń kan ilẹ̀kùn. Báàgì ló ń sanwó ilé.

---

Oníṣirò · 10:15 alẹ́

Mo gbà fún yín mà. Mi ò ní kó pa báàgì tì. Fìlà ni mo rò pé kó pa tì. ₦900 lórí fìlà kan, tí télọ̀ sì ń jẹ tiẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

---

ÌyáÌbejìÒṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:50 àárọ̀

Gbogbo yín ni mo ti kà. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó mẹ́nu ba ohun tí ọmọ yìí sọ gbẹ̀yìn. Màrúwá. Sìlíńdà gáàsì. Ọmọ tó gbé búrẹ́dì sórí. Ó ní eré ni, gbogbo yín sì gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Olóba tí àwọn ìyá wa ń ya, kí ló wà láàárín ẹ̀? Ọba òyìnbó àti ìyàwó ẹ̀ ni, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún 25 rẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1935. Àwòrán wọn wọ̀lú, àwọn aládìrẹ sì gbé e sórí aṣọ. Ìbàdàndùn ńkọ́? Òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà níbẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Màpó. Ilé tuntun tó ń dán ni lójú ẹni tó kọ́kọ́ yà á, bí ilé ìfowópamọ́ onígíláàsì ṣe rí lójú tiwa. Àwọn ìyá yẹn ò sọ pé àṣà làwọn ń gbé ga. Ohun tí wọ́n rí lójú títì ni wọ́n yà. Àwa la wá sọ ọ́ di "ti ìṣẹ̀ǹbáyé", tí ẹ̀rù fi ń bà wá láti fi nǹkankan kún un.

Ọmọ mi, kì í ṣe eré. Iṣẹ́ ìyá àgbà rẹ gan-an nìyẹn.

Ẹ bá mi fi èyí kún un, torí ìlú mi ni. Ní 1962, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀, ọ̀gá òṣèré, àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì kan, dá ẹgbẹ́ àṣà sílẹ̀ l'Óṣogbo, Mbari ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n fi etí tiwọn gbọ́ ọ, wọ́n ní "Mbari Mbayọ̀", bí mo bá rí i, màá yọ̀. Orúkọ náà wá di tiwọn pátápátá. Lọ́dún 1964, Georgina Beier ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwòrán. Jímọ̀h Búráímọ̀h, iná ló ń tàn fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wá ń tò sórí àwòrán. Twins Seven-Seven, oníjó ló jẹ́ nígbà tó wọ̀lú. Kálámù àti yíǹkì ló fi ń ya àwọn iwin tó kún gbogbo ojú ìwé, kò ní fi àyè ìka kan sílẹ̀. Adébísí Fábùnmi mú òwú. Ibì kan náà ni gbogbo wọn jọ jókòó, olùkọ́ kan náà ló ń wò wọ́n. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn. Mi ò sì gbọ́ pé ẹnìkan ní kí wọ́n kọ ara wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá.

Fi àwòrán aṣọ yẹn hàn wá.

---

Akáwòrán_Súrùlérè · 8:19 àárọ̀

Ìyá ti sọ ọ́. Jọ̀ọ́, yà á nínú oòrùn àárọ̀, ta aṣọ náà sórí okùn, má tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Má sì lo àwọn nǹkan tó ń mú àwọ̀ tàn nínú fóònù yẹn, wọ́n máa ń sọ aró di búlúù páànù omi.

---

ỌmọKẹ́mta · 5:12 ìrọ̀lẹ́

*[àwòrán: aṣọ ẹlẹ́kọ lórí okùn, ojúlé 20, ní ìlà mẹ́rin]*

Òun rèé. Ẹ má bínú, kò mọ́ tó. Láti òkè, lápá ọ̀tún: Màrúwá, sìlíńdà, Olúmọ, agboòrùn lọ́jà, búrẹ́dì, bàtà tí ẹnìkan sọ sórí wáyà iná. Mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ yà sí ìkẹsàn-án, mo wá fi àmì ìbéèrè sí i.

---

TítíLewisham · 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ GBÀ MÍ. Bàtà lórí wáyà iná!! Mo fẹ́ èyí. Mi ò ṣeré.

---

BabaOníjókòó · 5:31 ìrọ̀lẹ́

Sìlíńdà yẹn jókòó bí ìyálé tó ń bínú. Mo rí i, mo rẹ́rìn-ín.

---

OlójàÌtòkú · 6:03 ìrọ̀lẹ́

Mo ti fi ìka fà á tóbi wò. Ẹ̀kọ ẹ ṣàn. Wo etí Olúmọ, aró ti wọlé síbẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀kọ láfún yẹn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí ìyẹ́ má baà máa gbé kókó. Ìwọ kì í jẹ́ kó gbẹ dáadáa, àbí? Mo mọ̀. Ìkánjú àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Pẹ̀lú rẹ̀ náà, ọwọ́ wà ńbẹ̀. Ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí o fi yí ojúlé kọ̀ọ̀kan ká yẹn, ta ló kọ́ ẹ?

---

ỌmọKẹ́mta · 6:11 ìrọ̀lẹ́

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mà. Bí ìyá àgbà mi ṣe máa ń ṣe é ni. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é.

---

BabaOníjókòó · 6:14 ìrọ̀lẹ́

Ìṣó.

---

Ọ̀mọ̀wé_Láìgboyè · 9:47 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù díẹ̀ sí i. Mo bẹ̀rù pé ẹ fẹ́ ti ọmọ yìí sínú àpótí. Lónìí "aládìrẹ Màrúwá" ni. Lẹ́yìn ọdún méjì, tí Màrúwá bá sú u, gbogbo èèyàn á ní kò gbọ́dọ̀ ya nǹkan míràn. Mo mọ akọrin tí ó ṣẹlẹ̀ sí. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn mẹ́rin wà lórí àtẹ kan.

Àti pé àríyànjiyàn "èwo ni gidi" yìí ti pẹ́ ní Abẹ́òkúta ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí sódà kọ́sítíìkì àti aró ilé iṣẹ́ òyìnbó dé, tí àwọn aláró fi ń yára ṣiṣẹ́, Aláké fòfin dè é, pé ó ń ba orúkọ aṣọ Ẹ̀gbá jẹ́. Àwọn obìnrin yẹn ò gbà. Wọ́n jà á títí tí ọ̀rọ̀ fi di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí lọ́dún 1936. Àwọn tí à ń pè ní ìyá àṣà lónìí, ní ìgbà tiwọn, wọ́n ní wọ́n ń bàṣà jẹ́.

---

OlójàÌtòkú · 10:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ wá sọ ọ́ fún àwọn tó ń pe kámpálà mi ní ayédèrú.

---

ÌyáÌbejìÒṣogbo · 10:20 alẹ́

Ọ̀mọ̀wé, mi ò ti ẹnikẹ́ni sínú àpótí. Bí Màrúwá bá sú u, kó ya ohun míràn tó bá rí. Wíwò tí ó ń wo ìgboro ni mò ń sọ, kì í ṣe Màrúwá. Àmọ́ ti èèyàn mẹ́rin lórí àtẹ kan yẹn, mi ò gbà fún ẹ. Ìyá tó wá sí àtẹ yẹn ò mọ ẹni tí òun máa padà wá bá.

---

Ọ̀mọ̀wé_Láìgboyè · 10:24 alẹ́

Ó dáa mà, ìyẹn wọlé.

---

ỌmọKẹ́mta · Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní tan yín. Àmọ́ wọ́n ní àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ìbarà ò sì jìnnà sí mi. Màá padà wá sọ bó ṣe lọ.

---

*[ọ̀sẹ̀ méje kọjá]*

---

ỌmọKẹ́mta · Ọjọ́ Ẹtì, 9:15 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní màá padà wá.

Mo ti pa fìlà tì. Kọ́tìnnì, ẹni yẹn ò san owó yẹn di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Ọlọ́run wà. Báàgì ṣì wà, ṣùgbọ́n àjákù ẹlẹ́kọ tó bá bàjẹ́ ni mo fi ń rán an báyìí, kò jọ ti ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì ti gbé e sí ₦7,500. Ó kù sí ìdajì iye tí mò ń tà tẹ́lẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́ le. Mo yá owó ilé lọ́wọ́ àbúrò mi. Kámpálà, bí kò bá tó ogún èèyàn, mi ò gbà á.

Ẹ̀kọ mi ti nípọn, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń sẹ́ ẹ, mo sì ti ń jẹ́ kó gbẹ títí ó fi ń dún páá lọ́wọ́. Márùn-ún ni mo ti tà láàárín ọ̀sẹ̀ méje, ẹnì márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì rà á. Títí ló ra ọ̀kan. Obìnrin Lẹ́kí ò sí lára wọn.

Ìyá mi wo èyí tó ní sìlíńdà nínú fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló máa ró gáàsì mọ́dìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́ wọn pé ẹnìkan lára àwọn tíṣà ẹgbẹ́ wọn ń béèrè iye tó jẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹnìkan béèrè tàbí àwọn fúnra wọn ni.

Mi ò yí orúkọ òwò mi padà. Ìgbà tí mo rò ó tán, mo rí i pé aṣọ ni kò lórúkọ. Títí, ìbéèrè ìyá yẹn ò kúrò létí mi. Kí ni kí n máa pe èyí tó ní sìlíńdà? Ẹ bá mi sọ ọ́ lórúkọ.

---

BabaOníjókòó · 9:22 alẹ́

Ìyálé Ń Bínú.

---

TítíLewisham · 9:30 alẹ́

Iná Ilé? Ó mọ́ lẹ́nu.

---

Ẹlẹ́nuMímú · 9:31 alẹ́

Gáàsì Tún Wọ́n.

---

ÌyáÌbejìÒṣogbo · 9:40 alẹ́

Mi ò fẹ́ gbà fún ẹlẹ́nu burúkú yìí, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́.

---

ỌmọKẹ́mta · 9:44 alẹ́

Mo ti fi ìyẹ́ kọ ọ́ sí etí aṣọ tó wà nílẹ̀. GÁÀSÌ TÚN WỌ́N. Ó gba gbogbo etí náà.

---

OlójàÌtòkú · 9:52 alẹ́

Èló ni ọ̀pá márùn-ún Gáàsì Tún Wọ́n? Fi méjì pamọ́ fún mi. Má sì pe iye tí ò ń pè fún ará Lẹ́kí fún mi o, mo mọ iye láfún.